Mo ta Kubota kékeré mi, mo bọ́ sórí JCB 3CX: ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí

Ọdún mẹ́rin ni mo fi lo katakata Kubota kékeré yẹn, èyí tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú, tó tún ní ọwọ́ tó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, òun ló bọ́ wa, òun la fi kan òrùlé ilé wa l'Ódògbolú. Sókàwéè ló lé mi kúrò lórí ẹ̀. Kubota yẹn ò lè gbẹ́ ju mítà 2 àbọ̀ lọ, oníbàárà á ní mítà 3 àbọ̀ lòun ń fẹ́, ni mo bá tún ní láti wá àwọn ọmọ tó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ fi ṣọ́bìrì parí ìsàlẹ̀, tí wọ́n á máa fi okùn fa yẹ̀pẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ kan n'Íkẹ́nnẹ́, ọmọ tó wà nísàlẹ̀ ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó gòkè wá mu píọ̀ wọ́tà, kò tíì mu ún tán tí ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn fi ya lulẹ̀ gbì! Mi ò sùn mọ́jú ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé mo máa ta Kubota.

JCB 3CX tòkúnbọ̀ ni mo rà, ẹ̀rọ ńlá tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú àti ọwọ́ tó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn bíi ti Kubota, Èkó ni mo ti rà á, mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi torí mi ò fẹ́ ẹjọ́. Wọ́n ti fi ọ̀dà yẹ́lò tuntun kùn ún, ó ń dán bí ẹṣin ọjọ́ Ojúde Ọba, èmi náà rí dídán mo gbàgbé pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Abẹ́ ọ̀dà yẹn ni gbogbo àìsàn wà. Pínì àti búṣìn, ìyẹn àwọn irin tó wà ní oríkèé ọwọ́ ẹ̀yìn, ti jẹ, síìlì tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú ń jò, oṣù àkọ́kọ́ ni mo ti ń náwó lé e lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n na ọwọ́ ẹ̀yìn yẹn síta, kẹ́ ẹ wá di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú kẹ́ ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì, tó bá ń mì bí eyín àgbàlagbà, pínì ti lọ nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tiwájú sókè kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ máa wò ó, tó bá ń rọra wálẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè síìlì. Ẹ fa ọ́ìlì haidrọ́líìkì, èyí tó ń gbé ọwọ́ ẹ̀rọ náà, wò, tó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tá a tún un ṣe tán, ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe! Ọwọ́ ẹ̀yìn tèmi jẹ́ èyí tó ń yọ bí ọrùn ìjàpá, tí ò bá tíì yọ ó ń gbẹ́ tó mítà 4 àti díẹ̀, tó bá wá yọ tán, ó ń lọ sí bíi mítà 5 àbọ̀. Kò sọ́mọ tó ń wọ inú ihò mọ́. (Àwọn baba wa tó gbẹ́ Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ tó yí ilẹ̀ wa po ní bíi kìlómítà 160, tí ibòmíràn ga tó mítà 20, láìsí ẹ̀rọ kankan ni wọ́n gbẹ́ ẹ o, èmi rèé tí mò ń ra JCB torí sókàwéè.)

Ohun tí mo tún fẹ́ràn ni pé ọwọ́ yẹn ń rìn lórí férémù ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá tú u ẹ lè tì í sápá ọ̀tún pátápátá tàbí sápá òsì. Màmá kan tó ń kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì OOU l'Ágọ̀-Ìwòyè ní kí n gbẹ́ ojú páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì òun, ó dúró tì wá pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu pé "Alfa, ẹ má wó fẹ́ǹsì mi o", Alfa ọpurétọ̀ mi ò dá a lóhùn, ó kàn ti ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ó gbẹ́ ẹ lọ gbọọrọ, kò kan búlọ́ọ̀kù kan.

Àwọn ohun tá a ń so mọ́ ọn wàyí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n. Mo ti rò pé bíríkà tó ń fọ́ òkúta ló máa mówó wá, mo sáré rà á, kò bá pínì mi mu torí bí ilé iṣẹ́ kan ṣe ń ṣe pínì kọ́ ni òmíràn ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ mi ò ní páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbẹ̀, wẹ́dà àti mẹkáníìkì pín mi jẹ. Ìgbà tí mo wá ní í tán, yẹ̀pẹ̀ pupa ló pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àfi tá a bá lọ sápá Àgọ̀-Ìwòyè níbi tí àpáta wà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tóóró 12 inch tí mo kà sí nǹkan kékeré ló ń bọ́ wa, páìpù omi ni, wáyà iná ni. Èyí tó jẹ́ 24 inch náà dáa fún fóńdéṣọ̀n ilé búlọ́ọ̀kù 9 inch, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń lọ, lébùrà á kàn fi díígà tún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣe. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tiwájú tó ń la ẹnu ń bu bíi kúbíìkì mítà 1 lẹ́ẹ̀kan, típà ò ń pẹ́ kún mọ́.

Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún un. Méjì tó kù, owó dísù gba ọ̀kan, ìwúwo ẹ̀ gba ìkejì. Tọ́ọ̀nù 8 kì í ṣe eré. N'Ípẹru, táyà ẹ̀yìn gun orí sókàwéè àtijọ́ tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún wa pé ó wà níbẹ̀, ìdérí ẹ̀ já wọlé, èmi ni mo sanwó ẹ̀. Látìgbà yẹn mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ bàbá tó nilé pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló wà nísàlẹ̀ ibí?"

Géètì tún wà o. Ọ̀pọ̀ kọ́ńpáùǹdù ni ò lè gbà á wọlé, ni mo bá tún gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ra Kubota mi l'Ógèrè lọ, pé kó fún mi lò fọ́jọ́ kan. Ó ní kò burú, àmọ́ kó tó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, ó ti ka owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.