IL-2 inú E. coli àti ti inú HEK293: èwo ni kí ẹ rà?

IL-2 ni purotéènì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà, pọ̀ sí i. Inú bakitéríà E. coli tàbí inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí à ń pè ní HEK293 ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń tà. Ẹ gbé ìgò méjèèjì sí ìmọ́lẹ̀. 50 µg ni wọ́n kọ sára èkíní, 50 µg sára èkejì, ohun tó sì wà nínú wọn kò ju nǹkan funfun tín-ínrín tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò. Nígbà míì, ojú kì í tilẹ̀ rí i. Ẹ má fi ìwọ̀n yẹn rajà. Yúnììtì ni kí ẹ kà.

Sẹ́ẹ̀lì eku tí à ń pè ní CTLL-2 ni wọ́n fi ń dán agbára IL-2 wò. Ẹ wá ED50 nínú ìwé ọjà, ìyẹn ìwọ̀n IL-2 (ní ng/mL) tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe ìdajì ohun tó lè ṣe jù lọ, kí ẹ fi pín 1,000,000: yúnììtì inú mílígíráàmù kan ló máa jáde. Bí ED50 bá jẹ́ 0.1 ng/mL, 500,000 yúnììtì ló wà nínú 50 µg. Ẹni tó ń lo 100 yúnììtì sí mílílítà kan yóò rí lítà 5 lò. Bó bá jẹ́ 0.5 ng/mL, lítà 1 péré ni, bí owó wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ tọ́ sẹ́ẹ̀lì T, ti E. coli la fara mọ́. Kò ní ṣúgà tó wà lára IL-2 ènìyàn, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò ṣúgà yẹn: inú E. coli ni wọ́n ti ń ṣe aldesleukin, oògùn jẹjẹrẹ kíndìnrín tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 1992. Ẹ kàn wò ó bóyá amino acid tó ń jẹ́ serine ti rọ́pò cysteine tó wà ní ipò 125 nínú purotéènì náà, torí cysteine yẹn máa ń so mọ́ ibi tí kò yẹ, purotéènì á sì dì pọ̀.

Endotoxin, ohun ara bakitéríà tó ń ru sẹ́ẹ̀lì sókè, ni ewu tó wà níbẹ̀. Ara E. coli ló ti ń wá, bí monocyte, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, bá sì wà nínú àwo yín, endotoxin lè mú kí wọ́n tu TNF, purotéènì tó ń fa ìwúlé, jáde, kí ẹ rò pé IL-2 ló ṣe é. Níbi tí monocyte bá wà, ẹ náwó sí ti HEK293, síbẹ̀ kí ẹ ka iye endotoxin rẹ̀.

BSA, purotéènì ẹ̀jẹ̀ màlúù tí wọ́n máa ń fi kún un, kì í jẹ́ kí IL-2 lẹ̀ mọ́ ike. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kun IL-2 láwọ̀, ẹ ra èyí tí kò ní BSA, torí ara BSA ni àwọ̀ máa lọ.

Kí ẹ tó ṣí ìgò, ẹ yí i nínú ẹ̀rọ sẹ̀ńtírífúùjì. Ohun tí ìwé ọjà bá ní kí ẹ fi pò ó ni kí ẹ lò. Acetic acid 100 mM ló sábà máa ń jẹ́, 500 µL sí 50 µg. Ẹ má gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ẹ pín in sí ìwọ̀n ìlò ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ kó o sí -80 °C. Fíríísà tó ń yọ yìnyín ara rẹ̀ kò dára fún un, torí ó ń móoru díẹ̀díẹ̀, ó tún ń dì padà.