Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta fọ́ǹtì “alámì Yorùbá” l'Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ìtẹ̀wé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe báńnà àti káàdì ìpè ní Kútọ̀, Pánṣẹ́kẹ́ àti Ìtòkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú sanwó fún ẹni tó bá ní òun ń ta fọ́ǹtì ológe (àwòṣe lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń tẹ ọ̀rọ̀) tó gba gbogbo àmì èdè wa. ₦18,000 ni gbájú-ẹ̀ yìí gbà lọ́wọ́ mi.

Orí WhatsApp la ti pàdé. Ó ní Òkè-Ìlewó lọ́fíìsì òun wà, àmọ́ kò jẹ́ kí n wá rí. Àwòrán tó fi ránṣẹ́ dùn ún wò, mi ò ní parọ́: lẹ́tà gàdàgbà tó ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, tí ìrù rẹ̀ ń lọ́ bí ìtàkùn, àfi bíi pé ó ń ṣeré. “Ọmọ Olúmọ” ló kọ síbẹ̀, àmì rẹ̀ sì pé.

Báàgì 150 ni mo fẹ́ fi ṣe, èyí tí ìdílé kan fẹ́ pín níbi ọjọ́ìbí 70 ọdún ìyá wọn: “Igba ọdún, ọdún kan, Àṣàkẹ́.” Lẹ́tà À yọ dáadáa. Lẹ́tà ṣ ò sí nínú fọ́ǹtì náà rárá, ni kọ̀ǹpútà bá lọ yá ti fọ́ǹtì mìíràn wá, tín-ín-rín, bí ẹni tó wọ agbádá tó ki ẹsẹ̀ bọ sìlípáàsì. Àmì ohùn orí lẹ́tà ẹ sì fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ti tẹ 40 kí n tó dé. Orúkọ ìyá ọlọ́jọ́ìbí ló bàjẹ́ yẹn o, ní ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn lédè Yorùbá ní 1859!

Mo pè é, ó ní kọ̀ǹpútà mi ni ò dáa. Mo ní kó dá owó mi padà, ló bá búlọ́ọ̀kù mi.

Èyí tó wá dùn mí jù: mo ṣí Properties fáìlì náà, mo wo Details, orúkọ ẹlòmíì ni mo bá níbẹ̀ pé òun ló ni ín. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni! Wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi ṣòwò. “Ìwé àṣẹ” tí ọ̀gbẹ́ni yìí fún mi, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó kọ ọ́. Bí ẹni tó ni fọ́ǹtì bá rí báàgì wa, èmi ni ì bá dì mú.

Tí wọ́n bá fẹ́ tà á fún yín, ẹ má gba àwòrán. Ẹ ní kó tẹ “ẹ̀ṣọ́” lójú yín lórí ìpè fídíò. Lẹ́tà ẹ àti ọ lásán kì í ṣe ẹ̀rí, torí àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì sì ní wọn nítorí tiwọn. Ìdí tí “Ọmọ Olúmọ” fi jáde gaara nìyẹn. Lẹ́tà ṣ ni kí ẹ wò, àti lẹ́tà ẹ tàbí ọ tó gbé àmì ohùn lórí: Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ò ya àyè kan sọ́tọ̀ fún ẹ tàbí ọ alámì ohùn bẹ́ẹ̀, àfi kí fọ́ǹtì mọ bí wọ́n ṣe ń to àmì lé lẹ́tà.

Lánàá ni ọ̀rẹ́ mi kan fi ìpolówó tuntun hàn mí. Orúkọ fọ́ǹtì ti yí padà, àwòrán “Ọmọ Olúmọ” yẹn náà ni. ₦25,000 ló ń tà á báyìí.