Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, lójú ẹni tó ń wá ọ́fíìsì láti Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú

Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan láti Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde bá fẹ́ ní ọ́fíìsì sí Ìbàdàn, ilé àwòṣífìlà tí n ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni Ilé Kòkó, èyí tí ìwé ń pè ní Cocoa House. Kì í ṣe nítorí òkìkí rẹ̀, nítorí òkìkí kì í bá ayálégbé san owó ilé. Ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí ló wù mí: Dùgbẹ̀ ni ojúkò òwò Ìbàdàn, àwọn báńkì wà níbẹ̀, ọjà kò jìnnà, Heritage Mall sì wà nítòsí rẹ̀.

Ọdún 1965 ni wọ́n kọ́ ilé náà parí. Àjà 26 ló ní, gíga rẹ̀ sì tó mítà 105. Owó kòkó àti irè oko mìíràn láti Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n gbin kòkó fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ló ni ín. Ti àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ tilẹ̀ tún le, nítorí wọn kì í dárúkọ ilé náà kí wọ́n má fi ti Awólọ́wọ̀ kún un.

Iná jó ilé náà ní ọdún 1985, ó sì di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe tán tí wọ́n ṣí i padà. Ohun tí èyí kọ́ ayálégbé ni pé bí ilé gíga bá ń jó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ lífìtì. Àtẹ̀gùn ni gbogbo ènìyàn yóò gbà sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín gun àtẹ̀gùn dé àjà tí ẹ fẹ́ gbà, kí ẹ sì béèrè iye wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́ àti bí wọ́n ṣe ń pín owó dísù rẹ̀. Owó ìtọ́jú ilé tún máa ń wà lọ́tọ̀ sí owó ilé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í kà á mọ́ ìṣirò wọn.

Òkè ni ènìyàn ti ń rí òrùlé páànù Ìbàdàn lọ títí, ṣùgbọ́n àjà ìsàlẹ̀ ni mo fara mọ́ fún ẹgbẹ́ tí àwọn ìyá olóbì pọ̀ nínú rẹ̀. Ilé náà yẹ agbẹjọ́rò àti aṣírò owó dáadáa. Ẹni tó ní ẹrù láti tò, kí ó gba ṣọ́ọ̀bù nílẹ̀. Odu'a Investment ló ni ilé náà, ẹ má ṣe sanwó fún ajẹ́ǹtì tí kò bá lè mú ìwé láti ọ̀dọ̀ wọn wá.