Ilé etíkun ní ìgbà ọyẹ́ fún ẹni tí ó ní ọmọ kéékèèké

Ẹni tí ó bá ń gbé Kàbà, Ìyàrá tàbí Mọ̀pà mọ bí ọyẹ́ ṣe ń fi ojú ọmọdé rí màbo: ètè á bó, imú á gbẹ, ikọ́ kò sì ní jẹ́ kí ọmọ sùn mọ́jú. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé oṣù Kìn-ín-ní gan-an ni ó yẹ kí òbí tí agbára rẹ̀ ká a gbé àwọn ọmọ lọ sí etíkun. Atẹ́gùn tí ń ti orí òkun wá ní ọ̀rinrin nínú, kì í sì í jẹ́ kí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ráyè níbẹ̀ bí ó ti ń ráyè lọ́dọ̀ wa. Ìgbì náà kì í sábà ga tó ti ìgbà òjò.

Ilé méjì ni èmi àti ọkọ mi gbé yẹ̀ wò kí a tó sanwó. Èkíní wà ní Ìlàṣẹ, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni a ó wọ̀ débẹ̀ láti Èkó. Ibẹ̀ rẹwà ju èkejì lọ, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àjọ National Inland Waterways Authority, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́jà tiwa níhìn-ín, ti fòfin de ìrìn àjò ojú omi lóru, ibà ọmọdé kì í sì í wo aago kí ó tó dé. Èkejì wà ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba sì wà ní Àkódò ní agbègbè kan náà. Ẹni tí ó bá gba Ọmùò, Adó-Èkìtì, Àkúrẹ́ àti Òrè bọ̀ láti Kàbà tún lè yà ní Ìjẹ̀bú-Òde gba Ẹ̀pẹ́, kí ó má tilẹ̀ fojú kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó.

Àwòrán tí onílé fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kún fún òkun àti igi àgbọn. Mo ní kí ó ya ìlẹ̀kùn ọgbà fún mi kí n rí i. Ìdábùú rẹ̀ wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè dé. Ohun tí ó jẹ́ kí n sanwó gan-an nìyẹn. Omi kànga ẹ̀rọ ibẹ̀ níyọ̀ díẹ̀, ó dára fún ìwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ra omi mímu dání. Ibi tí ilé náà ti kù díẹ̀ káàtó ni àwọ̀n ojú fèrèsé, tí ó ti ya ní yàrá àwọn ọmọ. Ẹ̀fọn máa ń dínkù ní Kàbà bí ọyẹ́ bá mú, ṣùgbọ́n ọ̀sà kò jìnnà sí ilé yìí, ẹ̀fọn ibẹ̀ kò sì gbọ́ pé ọyẹ́ dé. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí ìyá ọkọ mi fi dandan lé pé kí a dì mẹ́rù ni ó gbà wá. “Ẹ má bínú, mà, a máa tún un ṣe” ni onílé ń wí títí a fi kúrò.

Ní ti òkun fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí bí ó ṣe rọlẹ̀ tàn yín. Etíkun Èkó kọjú sí agbami Àtìláńtíìkì gbalasa, omi tí ń wọ́ padà lẹ́yìn ìgbì sì lè gbá àgbà lẹ́sẹ̀, áńbọ̀sì ọmọdé. Ọkọ mi gbẹ́ ihò fẹ̀ǹfẹ̀ sínú yanrìn níbi tí ìgbì kò dé, a ń fi korobá pọn omi sí i, inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ṣeré láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí yanrìn ọ̀sán ń jó ẹsẹ̀. Ẹ mú òrí dání, kí ẹ fi pa wọ́n létè kí wọ́n tó jáde: bí omi iyọ̀ bá kan ètè tí ọyẹ́ ti là láti ilé, igbe tí ọmọ yóò ké, àwọn apẹja tí ń fa àwọ̀n lókèèrè yóò gbọ́. Kí a tó padà, ètè ọmọ mi obìnrin ti jinná, ikọ́ àbúrò rẹ̀ sì ti rọlẹ̀.

Owó ilé máa ń já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun, nígbà tí àwọn ará Èkó bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì wọ iléèwé kò ní ìdí láti lọ lásìkò Kérésì. A ó tún lọ sí ilé kan náà, ṣùgbọ́n kí n tó san kọ́bọ̀, onílé yóò kọ́kọ́ ya fèrèsé yàrá àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí mi.