Fóònù tàbí kámẹ́rà onífíìmù: èwo ni kí ọ̀dọ́ gbé lọ sí Pingyao?

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi àwòrán mọ àṣà àwọn ará Ṣáínà máa ń bèèrè èyí. Ẹ jẹ́ ká mú Pingyao, ìlú àtijọ́ ní ìpínlẹ̀ Shanxi ní Ṣáínà, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 1997.

Fóònù ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè ya ẹgbẹ̀rún àwòrán láìná kọ́bọ̀ sí i. Fíìmù kan kì í sábà ju àwòrán 36 lọ, ẹ ó sì tún sanwó fífọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó yẹn gan-an ló ń múni fara balẹ̀. Ẹni tó ní ìwọ̀nba àwòrán láti yà á wo ògiri bíríkì aláwọ̀ eérú dáadáa, á rí i pé inú àgbàlá ni òrùlé dà sí, á sì kí bàbá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó tó tẹ bọ́tìnnì. Lójú tèmi, ìkíni yẹn wà lára àṣà tó wá wò.

Tí wọ́n bá tan àtùpà pupa lálẹ́, fóònù ló rọrùn jù. Fíìmù tó ń ríran lókùnkùn ni ẹ̀rọ ayẹ̀wò báàgì tètè ń bà jẹ́, ẹ̀rọ yìí sì wà ní àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ṣáínà. Ẹ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ yẹ fíìmù yín wò. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá sọnù láìní ẹ̀dà níbòmíràn, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ẹ mú fóònù fún ọjọ́ méjì tàbí ayẹyẹ alẹ́. Ẹ mú fíìmù bí ẹ bá máa pẹ́ ládùúgbò kan.