Ẹ̀rọ èéfín, mànómítà tàbí sìkánà: èwo ló yẹ kí ẹ rà fún bírídà ẹ́ńjìnnì tó ń jò?

Ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ ní ìdí ẹ́ńjìnnì, wọ́n pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn, kò pẹ́ ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, síìlì kọ́ ni ọ̀daràn, bírídà ni, ìyẹn fáàfù àti họ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Díẹ̀ nínú gáàsì tó ń jó lókè písítìnnì máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì bọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí kíránkì ti ń yí. Fáàfù PCV, ti bírídà, ló yẹ kó fà á padà sínú ìńtéèkì, ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́, kó lè jóná. Bí fáàfù bá dí, gáàsì á kóra jọ, á máa ti síìlì àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí họ́ọ̀sì bá là, afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ kò kà á máa wọlé: ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, iná check engine á tàn, kóòdù P0171 (afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ) á jáde. Ooru inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Third Mainland kì í sì í jẹ́ kí rọ́bà họ́ọ̀sì pẹ́ kó tó gan.

Ẹ̀rọ èéfín ni gbogbo èèyàn ń sáré rà, nítorí ojú oníbàárà ló ń rí èéfín. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni owó yín ká, mànómítà, gééjì tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ṣe ń tì tàbí tó ń fà, ni kí ẹ rà.

Sìkánà

Sìkánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ tó, bó bá ṣáà ń ka fuel trim, ìyẹn ìdá ọgọ́rùn-ún epo tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò; èyí tó ń ka kóòdù nìkan kò wúlò níbí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ pa AC, kí ẹ ro short term (ti ìsinsìnyí) pọ̀ mọ́ long term (ti ọjọ́ pípẹ́). Bí àròpọ̀ rẹ̀ bá wà láàárín -10 sí +10, kò burú. Bó bá jẹ́ +20 nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́tù, tó wá já sí +5 ní 2,500 rpm, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan. Bó bá ń ga sí i bí ẹ ti ń tẹ tọ́tù, ẹ yẹ pọ́ńpù epo tàbí sẹ́ńsọ̀ MAF, tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, wò, ẹ fi bírídà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àkísà wé ẹnu páláyà, kí ẹ fún họ́ọ̀sì PCV pa nítòsí ìńtéèkì. Bí nọ́ńbà bá já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìhà bírídà ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé.

Sìkánà kì í sọ ojú ibi tó ti là. Ó tún lè tan yín jẹ lórí ọkọ̀ tí kò ní MAF, bí ọ̀pọ̀ Honda àtijọ́: sẹ́ńsọ̀ MAP, tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú ìńtéèkì, máa ń ka afẹ́fẹ́ tó yọ́ wọlé náà mọ́ tirẹ̀, trim á dára, àmọ́ ẹ́ńjìnnì á máa sáré láìtẹ tọ́tù.

Mànómítà

Gééjì táyà fọkanáísà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. 1 psi jẹ́ íǹṣì omi 27.7, bẹ́ẹ̀ íǹṣì 4 sí 6 péré ni ọ̀pọ̀ BMW máa ń fà. Ẹ ra èyí tó ń ka íǹṣì omi, tí òpin rẹ̀ kò ju 2 psi lọ.

Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó lè ṣe tirẹ̀: họ́ọ̀sì funfun tí ojú ń rí inú rẹ̀, mítà 2, kí ẹ so ó mọ́ pátákó bíi lẹ́tà U, kí ẹ bu omi tí ẹ kán zobo sí títí dé ìdajì. Ẹ ki ẹnu kan bọ ihò gééjì ọ́ìlì, kí ó fún dáadáa, kí ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Ìyàtọ̀ gíga omi méjèèjì ni íǹṣì yín. Kí ọwọ́ yín wà lára họ́ọ̀sì o: bí ẹ́ńjìnnì bá fà jù, omi á wọnú ọ́ìlì.

Corolla àti Camry ní họ́ọ̀sì kejì tó ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ wọlé, nítorí náà òdo tàbí fífà díẹ̀ ni ẹ máa rí. Ẹ fún họ́ọ̀sì yẹn pa fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀; ó yẹ kí omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí kò bá mira, fáàfù ti dí tàbí ibì kan ń jò: dérí ọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì òkè, họ́ọ̀sì. Bó bá ń tì dípò kó máa fà, fáàfù dí pátápátá tàbí ríìngì ti jẹ. Lórí BMW àti Volkswagen, bí ẹ bá gbọ́ ìró bíi fèrè, tí dérí ọ́ìlì sì le láti ṣí, rọ́bà pẹlẹbẹ inú fáàfù ló ya.

Ẹ̀rọ èéfín

Òun nìkan ló ń fi ojú ibi tó là hàn. Ó ń gbóná ọ́ìlì bébì di èéfín, afẹ́fẹ́ á sì tì í wọlé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dí ẹnu páìpù tó ti ibi fílítà wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibẹ̀ ni gbogbo èéfín máa gbà jáde. Ẹ fi í sí ihò dérí ọ́ìlì, ẹ dúró ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Abẹ́ ìńtéèkì ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Atẹ́gùn ìta gbangba ń gbé èéfín lọ, ẹ ṣe é lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì, láìtan fáànù. Fáàfù tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà nìkan ló ń ṣe ségesège lè yè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ra èyí tó ní pọ́ńpù tirẹ̀, tó ń lo bátìrì 12 V, tó sì ní rẹ́gúlétọ̀ tó ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù. Èyí tó ń pariwo 20 psi, ti páìpù tọ́bò ni. Nínú bírídà, ìdajì psi tó; ẹ má jẹ́ kó kọjá 1. Ẹni tó bá so ó mọ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fọkanáísà láìsí rẹ́gúlétọ̀, síìlì tó ń wá ni yóò fọ̀n dànù.

Ọṣẹ àti omi kì í hó níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ìgbà tí ẹ̀rọ èéfín bá ń tì nìkan ló wúlò. Fífín kábù kílínà sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná ló ń dá.

Ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo: sìkánà àti họ́ọ̀sì zobo tó. Ṣọ́ọ̀bù tó ń gba Toyota: sìkánà àti mànómítà. Bí BMW àti Benz bá ń wọlé lójoojúmọ́, ẹ fi ẹ̀rọ èéfín kún un.

Kí ẹ tó sanwó ní ọjà Ládípọ̀ tàbí ASPAMDA, ẹ ní kí wọ́n so ẹ̀rọ èéfín mọ́ bátìrì, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu họ́ọ̀sì: bí abẹ́rẹ́ bá kọjá 1 psi nígbà tí rẹ́gúlétọ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ dá a padà. Fún mànómítà, ẹ béèrè bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ẹ ki ẹnu họ́ọ̀sì rẹ̀ bọ̀ ọ́ ní òró tó íǹṣì 4. Ó yẹ kó ka 4 tàbí kó dín díẹ̀.