Bí mo ṣe ta Camry mi tó ti kú: ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ yín kí ẹ tó gba owó

Camry 2003 mi, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy, ti jókòó sẹ́yìn ilé fún oṣù mẹ́rìnlá látìgbà tí gíà rẹ̀ ti kọṣẹ́. Mo wá pe àwọn kan tó máa ń wá ra ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ nílé ẹni.

Wọ́n tètè dé lóòótọ́, ẹnu wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò bèèrè ìwé ọkọ̀. Ó kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó yọjú sábẹ́ ọkọ̀, ó dìde, ó gbọn eruku nù. "Ẹ̀gbọ́n, irin lásán ni. ₦400,000."

Mẹkáníìkì mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ọ̀gá, kátálísítì yín ṣì wà níbẹ̀ o. Òun ló ń wò yẹn."

Ara páìpù èéfín ni nǹkan náà wà. Inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, platinum, palladium àti rhodium, àwọn irin olówó iyebíye, ló sì wà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olè fi ń gé e lóru. Mo ní màá yọ ọ́ kí n tó tà. Ọkùnrin yìí fi ₦50,000 lé e, ó tún fi ₦100,000 lé e, ló bá bínú. Mo ní kí wọ́n máa lọ.

Ẹ́ńjìnì mi ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ará ọjà Ládípọ̀ kan ló rà á, pẹ̀lú iná iwájú méjèèjì àti rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹlòmíràn ra kátálísítì. Ara ọkọ̀ tó kù ni mo fà lọ sí Owódé Onírin, níbi tí wọ́n ti ń wọn irin. Kílò 1,140 ni mo fojú ara mi kà lórí òṣùwọ̀n. Iye tí àwọn tó ń yọ́ irin bá ń san lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò kílò kan, nítorí náà ẹ bèèrè níbi méjì mẹ́ta. Wọn ò tiẹ̀ wọ̀n ọ́n títí wọ́n fi rí ìwé ọkọ̀ tí wọ́n sì ka nọ́ńbà ṣaasí, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Mo yọ nọ́ńbà ọkọ̀ mi, mo gba rìsíìtì.

Lẹ́yìn tí mo yọ owó ọkọ̀ tó fà á, ₦1,105,000 ló wọlé. Àwọn àkọ́kọ́ yẹn, ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, torí pé wọ́n yára.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá wọn tún pè mí. Kò bèèrè ọkọ̀ mọ́. Ó ní ṣé mo ti ta kátálísítì yẹn.